Ẹsẹ̀ Tó Bá Ihò Rẹ̀ Mu: Rímù àti Táyà fún Ọkọ̀ Alágbára Àtijọ́ Tí A Mú Wálẹ̀

Bí Chevrolet Camaro ọdún 1969 bá dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ojú lásán lè sọ pé rímù àti táyà rẹ̀ bá a mu. Táyà kún inú ihò rẹ̀ dáadáa, etí rẹ̀ sún mọ́ ètè fẹ́ńdà, ọkọ̀ náà sì ba mọ́lẹ̀ bí ẹkùn tó fẹ́ fò mọ́ ẹran. Ṣùgbọ́n ìdúró kọ́ ni ìdánwò ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ìdánwò rẹ̀ ni ìgbà tí awakọ̀ bá yí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ dé òpin, tí ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹsẹ̀ sì bọ́ sí kòtò lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí táyà bá wà ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn ló ń sọ bóyá ó bá ọkọ̀ mu. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi jẹ́ iṣẹ́ ìwọ̀n. Bí télọ̀ kò ṣe ń gé aṣọ kó tó wọn oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra rímù kó tó wọn ihò ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní muscle car ni ọkọ̀ tí kò tóbi púpọ̀, tí ilé iṣẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì ńlá onísílíńdà mẹ́jọ sí nínú, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lè dá. Pontiac GTO ti 1964 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àkọ́bí wọn. Ara Pontiac Tempest ni wọ́n lò fún un, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì tó lítà 6.4. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, Ford gbé Mustang jáde níbi Ìpàtẹ Àgbáyé ní New York. Chevrolet dá a lóhùn pẹ̀lú Camaro, tí títà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1966. Ìran kìn-ín-ní Camaro, láti 1967 dé 1969, pẹ̀lú Mustang ìgbà náà, ni àpẹẹrẹ tí ọ̀rọ̀ yìí dúró lé, nítorí pé àwọn ni ènìyàn ń tún ẹsẹ̀ wọn ṣe jù lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ wọ̀nyí jáde, agbára ẹ́ńjìnnì wọn ju agbára ẹsẹ̀ wọn lọ. Rímù íńṣì 14 ló wọ́pọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ kì í sì í ju íńṣì 7 lọ. Nínú táyà tó wọ́pọ̀ nígbà náà, òwú ìpìlẹ̀ rẹ̀ dábùú ara wọn, ìpele lórí ìpele, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Táyà bẹ́ẹ̀ le ní ẹ̀gbẹ́, kì í sì í fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń yà. Táyà rédíà, tí òwú tirẹ̀ lọ tààrà láti etí kan dé etí kejì, ti wà lọ́wọ́ Michelin láti 1946, ṣùgbọ́n àwọn ọdún 1970 ló tó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ẹni tó bá wọ táyà òde òní fún Camaro ń fi bàtà tuntun sí ẹsẹ̀ tí wọ́n dá fún bàtà mìíràn. Ó ṣeé ṣe, ó sì dára, bí a bá mọ ohun tí a ń ṣe.

Ohun mẹ́ta ló ń mú kí ènìyàn pààrọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí. Èkíní ni bíréèkì. Bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù ló wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ fi díísìkì ńlá rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá rímù tí inú rẹ̀ gbà á. Èkejì ni dídi ilẹ̀ mú, nítorí táyà tó fẹ̀ ń di ọ̀nà mú ju táyà tóóró lọ. Ẹ̀kẹta ni ẹwà, kò sì yẹ kí a fojú kéré rẹ̀. Rímù Torq-Thrust tí American Racing gbé jáde ní 1963 ti di ara ìtàn ọkọ̀ wọ̀nyí. Irú rímù bẹ́ẹ̀ ló wà lábẹ́ Mustang tí Steve McQueen wà nínú fíìmù Bullitt ti 1968, títí di òní ni àwọn ènìyàn sì ń wá àwòrán onígi márùn-ún yẹn, ní íńṣì 17 tàbí 18 dípò 15.

Kí a tó lè sọ pé rímù kan bá ọkọ̀ mu, ìwọ̀n márùn-ún ni a gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Ìwọ̀n kìn-ín-ní ni gíga rẹ̀, ìyẹn láti ibi tí etí táyà ń jókòó sí lókè dé ibi tó ń jókòó sí nísàlẹ̀. Ìwọ̀n kejì ni fífẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé rímù fẹ̀ ní íńṣì 8, láti ìjókòó táyà kan dé èkejì ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ètè rímù fúnra rẹ̀ kọjá ibẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó fi jẹ́ pé bí a bá fi rúlà wọn rímù oníńṣì 8 láti ètè dé ètè, a óò rí nǹkan bí íńṣì 9. Ẹni tó bá gbàgbé íńṣì kan yìí, gbogbo ìṣirò tó kù ni yóò ṣì.

Ìwọ̀n kẹta ni ihò bóòtì. Bóòtì márùn-ún ló wà lára Camaro, wọ́n sì dúró lórí òbìrípo tí àárín rẹ̀ jẹ́ íńṣì 4.75, ìyẹn mìlímítà 120.65. Bóòtì márùn-ún náà ló wà lára Mustang onísílíńdà mẹ́jọ, ṣùgbọ́n òbìrípo tirẹ̀ jẹ́ íńṣì 4.5, ìyẹn mìlímítà 114.3. Ojú lè má rí ìyàtọ̀ yìí, ọwọ́ sì lè fẹ́ fi tipátipá wọ ọ̀kan fún èkejì. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n kò le. A óò wọn àárín ihò kan dé àárín ihò tó tẹ̀ lé e, a óò sì sọ ọ́ di ìlọ́po 1.7 kí a lè rí ìwọ̀n òbìrípo náà. Ihò rímù Camaro jìnnà sí ara wọn ní nǹkan bíi mìlímítà 71, ti Mustang sì jẹ́ nǹkan bíi 67. Mìlímítà mẹ́rin péré ni ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n mìlímítà mẹ́rin yìí tó láti mú kí bóòtì tẹ̀, kí ó sì ṣẹ́ lórí eré.

Ìwọ̀n kẹrin ni ihò àárín, tí orí họ́ọ̀bù ń gbà yọ síta. Ó gbọ́dọ̀ gba orí họ́ọ̀bù láìfún un mọ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ rímù tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ àtijọ́ Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀tì ló ń fi rímù sí àárín gbùngbùn, kì í ṣe họ́ọ̀bù. Nítorí náà, irú nọ́ọ̀tì tí rímù fẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Rímù kan wà tó ń fẹ́ nọ́ọ̀tì tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, òmíràn sì ń fẹ́ nọ́ọ̀tì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn wọ inú ihò, tó sì ní wọ́sà pẹlẹbẹ lábẹ́. Bí a bá fi ti ọ̀kan dí èkejì, nọ́ọ̀tì yóò dà bíi pé ó le, rímù yóò sì máa mì lábẹ́ rẹ̀.

Ìwọ̀n karùn-ún ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ. Àwọn oníṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ń pè é ní backspacing. Ìwọ̀n ẹ̀yìn ni a óò máa pè é. A óò dojú rímù bolẹ̀, a óò fi irin títọ́ kan dábùú ètè ẹ̀yìn rẹ̀, a óò sì wọn láti abẹ́ irin yẹn dé ojú ibi tí rímù ti ń fara mọ́ họ́ọ̀bù. Bí ìwọ̀n ẹ̀yìn bá ṣe pọ̀ tó ni rímù ṣe ń wọ inú ọkọ̀ tó. Bí ó bá kéré, rímù yóò yọ síta. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní offset jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀: òun ni jíjìnnà ojú ìfaramọ́ yẹn sí àárín gbùngbùn rímù, mìlímítà ni wọ́n sì fi ń kà á. Rímù oníńṣì 9, tó jẹ́ íńṣì 10 láti ètè dé ètè, ní àárín rẹ̀ ní íńṣì 5. Bí ìwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ íńṣì 5.5, offset rẹ̀ jẹ́ ìdajì íńṣì, ìyẹn mìlímítà 12.7. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan nínú méjèèjì, pẹ̀lú fífẹ̀ rímù, lè rí èkejì fúnra rẹ̀.

Ìṣirò kan yóò fi hàn bí ìwọ̀n yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká ní rímù àtijọ́ fẹ̀ ní íńṣì 7, tí ìwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ íńṣì 4. Láti ètè dé ètè, íńṣì 8 ni. 4 wà nínú, 4 wà níta. Ká ní wọ́n fẹ́ fi rímù oníńṣì 9 rọ́pò rẹ̀, tí ìwọ̀n ẹ̀yìn tirẹ̀ jẹ́ 5.5. Nínú íńṣì 10 rẹ̀, 5.5 wà nínú, 4.5 wà níta. Rímù tuntun wọ inú ní íńṣì kan àti ààbọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ó sì yọ síta ní ìdajì íńṣì. Bí àyè tó wà láàárín táyà àtijọ́ àti sípíríǹgì bá jẹ́ íńṣì kan péré, rímù yìí kò wọlé, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Owó kankan kò tíì jáde, ṣùgbọ́n ìdáhùn ti hàn.

Rímù nìkan kọ́ ló ń gba àyè. Táyà máa ń yọ ikùn kọjá ètè rímù. Àkọlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ló ń sọ bí ó ṣe tóbi tó. Bí wọ́n bá kọ 245/40R18, 245 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà láti ikùn kan dé ikùn kejì. 40 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún 245, tó jẹ́ mìlímítà 98. R ń sọ pé rédíà ni, 18 sì ni rímù tó wọ̀ ọ́. Bí a bá da ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ rímù, gíga táyà náà jẹ́ mìlímítà 653, ìyẹn íńṣì 25.7. Ní ìgbà àtijọ́, F70-14 ni wọn ì bá kọ. Lẹ́tà F ń sọ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé, 70 ń sọ gíga ẹ̀gbẹ́, 14 sì ni rímù. Ìyípadà tó wáyé hàn kedere nínú àkọlé méjèèjì: rímù ti ga, ẹ̀gbẹ́ táyà ti kúrú.

Fífẹ̀ tí wọ́n kọ sára táyà kò dúró lójú kan. Orí rímù kan pàtó ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bí rímù bá fi ìdajì íńṣì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ikùn táyà yóò fẹ̀ sí i ní nǹkan bíi mìlímítà 5. Bí ó bá dín, ikùn yóò dín. Táyà 275/35R18 tí wọ́n wọ̀n lórí rímù oníńṣì 9.5 yóò súnkì sí nǹkan bíi 270 lórí rímù oníńṣì 9 tó wà nínú ìṣirò wa. Ìdajì 270 jẹ́ 135. Bí a bá fi mìlímítà 12.7 ti offset kún un, táyà náà ń gba nǹkan bíi mìlímítà 148 sínú láti ojú họ́ọ̀bù. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ó ń gba nǹkan bíi 122 síta. Nọ́ńbà méjì yìí, 148 àti 122, ni ó yẹ kí oníṣẹ́ gbé lọ sídìí ọkọ̀, nítorí ikùn táyà ló ń kọ́kọ́ kan ara ọkọ̀, kì í ṣe rímù.

Lẹ́yìn fífẹ̀ ni ẹrù àti eré. Àkọlé 93W lára táyà ń sọ pé ó lè gbé kìlógíráàmù 650, kò sì gbọ́dọ̀ sáré kọjá kìlómítà 270 ní wákàtí kan. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí àkọlé DOT ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí kan ọkọ̀ àtijọ́ gan-an, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo ọdún lórí ìdúró. Àtẹ́lẹsẹ̀ táyà wọn á ṣì ga, rọ́bà rẹ̀ á sì ti gbó nínú. Kóòdù yìí kan náà ló wà lára táyà àlòkù tí fọ́kànáísà ń tà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n kà kò ní fi owó ra ewu.

Gíga táyà tún ń kan aago eré. Táyà 245/60R15 ga ní mìlímítà 675. 235/45R17 ga ní nǹkan bíi 643. Ẹni tó bá kúrò lórí ti àkọ́kọ́ bọ́ sórí èkejì láìtún nǹkan mìíràn ṣe ti dín gíga ẹsẹ̀ rẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Bí aago bá ń sọ pé ọkọ̀ ń sá kìlómítà 100, nǹkan bíi 95 ló ń sá. Ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú á máa yí kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lórí eré kan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá díjú ni mímú ọkọ̀ wálẹ̀. Lọ́wọ́ iwájú, Camaro àti Mustang ní apá irin méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, pẹ̀lú sípíríǹgì onílílọ́. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ láti mú iwájú wálẹ̀ ni sípíríǹgì kúkurú. Ọ̀nà kejì ni sípíńdù tí wọ́n gbé ibi tí họ́ọ̀bù wà lára rẹ̀ sókè, íńṣì 2 lọ́pọ̀ ìgbà, tí ọkọ̀ á fi sọ̀kalẹ̀ nígbà tí apá àti sípíríǹgì wà ní ipò wọn. Lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ásù jókòó lórí sípíríǹgì pẹlẹbẹ. Wọ́n lè dín títẹ̀ sípíríǹgì náà kù, tàbí kí wọ́n fi ègé irin sí àárín sípíríǹgì àti ásù.

Ọ̀nà méjì ti iwájú yìí kò jọra fún táyà. Bí ó bá jẹ́ sípíríǹgì ni wọ́n gé kúrú, òkè tí táyà lè gùn dé kò yí padà, nítorí pé rọ́bà ìdádúró ṣì wà níbi tó wà, òun ló sì ń dá apá dúró. Ohun tó yí padà ni pé ibi tí táyà ń dé tẹ́lẹ̀ nígbà tó bá bọ́ sí kòtò ló wá di ilé rẹ̀ lójoojúmọ́, ìrìn tó kù fún un kò sì pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ sípíńdù ni wọ́n pààrọ̀, ìrìn apá ṣì kún, ọkọ̀ sì ń rọ̀ láti gùn. Táyà ni yóò wá gòkè ní íńṣì 2 ju ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀ lọ, sínú ihò tí kò gbà á rí. Ẹni tó lo sípíńdù gbọ́dọ̀ wọn òkè ihò ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti fífi iná yọ́ sípíríǹgì kó lè kúrú, ìbàjẹ́ ni, nítorí iná ń pa agbára irin rẹ̀.

Mímú ọkọ̀ wálẹ̀ tún ń yí igun tí ẹsẹ̀ fi dúró padà. Ní 1965, nígbà tí wọ́n ń ṣe Shelby GT350 láti ara Mustang, wọ́n sọ ibi tí apá òkè ti so mọ́ ara ọkọ̀ kalẹ̀ ní íńṣì kan. Ìdí rẹ̀ ni pé kí orí ẹsẹ̀ lè máa tẹ̀ sínú sí i bí ọkọ̀ bá ti ń fì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ táyà lè tẹ́jú sórí ọ̀nà. Àwọn tó ń tún Mustang ṣe ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ó tún ran ọ̀rọ̀ àyè lọ́wọ́, nítorí ẹsẹ̀ tí orí rẹ̀ tẹ̀ sínú ń jìnnà sí ètè fẹ́ńdà.

Lẹ́yìn èyí ni wíwọn ihò ẹsẹ̀ gan-an. A óò gbé ọkọ̀ sórí ìdúró irin tó lágbára, a óò yọ ẹsẹ̀ iwájú, a óò sì fi ohun èlò tó yẹ yọ sípíríǹgì, nítorí agbára tó wà nínú sípíríǹgì tó wà lábẹ́ ẹrù lè pa ènìyàn. Jáàkì yóò wà lábẹ́ apá ìsàlẹ̀. Bí jáàkì bá ti ń gbé apá yẹn sókè díẹ̀díẹ̀, ènìyàn yóò rí gbogbo ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tọ̀: láti ìsàlẹ̀, dé ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí, dé ibi tí apá yóò ti kan rọ́bà ìdádúró. Níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, a óò fi rúlà wọn láti ojú họ́ọ̀bù sínú, dé ohun àkọ́kọ́ tí rúlà bá kàn, a óò sì wọn síta dé ètè fẹ́ńdà. Lẹ́yìn náà, a óò yí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ dé òpin ọ̀tún, a óò tún wọ̀n. Dé òpin òsì, a óò tún wọ̀n. Inú ìwé ni gbogbo rẹ̀ yóò wà, kì í ṣe nínú orí.

Ohun tí rúlà yóò bá pàdé nínú ihò iwájú pọ̀. Níbi tí ẹsẹ̀ wà ní tààrà, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì apá òkè àti orí sípíńdù ló sábà máa ń sún mọ́ táyà jù, orí irin tó ń fa ẹsẹ̀ yà sì ń sún mọ́ inú rímù. Bí ẹsẹ̀ bá yà, ẹ̀yìn táyà yóò lọ bá irin abẹ́ ọkọ̀ àti irin ìmúdúró tó dábùú iwájú, nígbà tí etí ìta rẹ̀ yóò máa lọ bá ètè fẹ́ńdà. Òtítọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ ń kọ́ lẹ́yìn tí fẹ́ńdà bá ti bó: ẹsẹ̀ iwájú kì í yí lójú kan náà. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì méjèèjì, ti apá òkè àti ti apá ìsàlẹ̀, ló ń yí ká. Bí rímù bá ṣe yọ síta tó, bẹ́ẹ̀ ni táyà ṣe ń ya òbìrípo tó fẹ̀ tó nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń yà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀nà gbágungbàgun ṣe ń fa ọwọ́ ìtọ́kọ̀ tó. Nítorí náà, ní iwájú, ìwọ̀n ẹ̀yìn tó pọ̀ tó ìwọ̀n tí inú ihò gbà ló dára jù.

Ihò ẹ̀yìn kò le tó ti iwájú nítorí pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kì í yà. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ àti irin abẹ́ ọkọ̀ ló wà nínú, ètè fẹ́ńdà ló wà níta. Ṣùgbọ́n ásù ẹ̀yìn jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láti ọ̀tún dé òsì: bí ọkọ̀ bá yà pẹ̀lú agbára, ara ọkọ̀ á sún sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ lórí sípíríǹgì, ẹsẹ̀ kan á sì gòkè nígbà tí èkejì sọ̀kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í lo gbogbo àyè tí rúlà bá rí. Ìdajì íńṣì láàárín táyà àti sípíríǹgì jẹ́ àyè tí ó fi ọkàn ẹni balẹ̀. Ohun kan tún wà tí àwọn tó mọ ọkọ̀ wọ̀nyí kì í gbójú fò: ara ọkọ̀ àtijọ́ kì í sábà jókòó sí àárín gbùngbùn lórí ásù rẹ̀. Ọ̀tún lè fi ju òsì lọ. Ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la gbọ́dọ̀ wọ̀n, èyí tó kéré jù ló sì ni àṣẹ.

Bí àyè kò bá tó, ọ̀nà wà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ní iye tiwọn. Èyí tó rọrùn jù ni kíká ètè fẹ́ńdà sókè. Wọ́n á fi afẹ́fẹ́ gbígbóná mú ọ̀dà rọ̀ kó má baà sán, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ oníyìí-díẹ̀díẹ̀ tẹ ètè irin náà pẹlẹbẹ mọ́ inú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ibi tí òwe yẹn ti ń ṣẹ nìyí, nítorí ẹni tó bá kánjú yóò tẹ ara fẹ́ńdà náà pọ̀ mọ́ ètè rẹ̀. Fún táyà tó fẹ̀ gan-an lẹ́yìn, àwọn kan ń gé ihò inú, wọ́n á sì tún un jó fẹ̀ sí inú ọkọ̀. Àwọn mìíràn ń dín gígùn ásù kù. Iṣẹ́ ẹni tó mọ irin jó dunjú ni méjèèjì. Ní ti ègé irin tí wọ́n ń fi sí àárín họ́ọ̀bù àti rímù láti ti rímù síta, ó ṣeé lò bí bóòtì bá gùn tó láti mú nọ́ọ̀tì dáadáa. Bí kò bá gùn tó, ọ̀nà sí ikú ni.

Bíréèkì ń wá ṣáájú rímù nínú ètò ìrajà. Kálípà tó ń di díísìkì mú gba àyè nínú rímù, ní gíga àti ní fífẹ̀, rímù íńṣì 14 tí wọ́n ṣe fún dúrọ́ọ̀mù sì lè má wọ̀ ọ́ rárá. Àwọn họ́ọ̀bù díísìkì kan tún ń ti rímù síta ju ti dúrọ́ọ̀mù lọ. Ẹni tó bá wọn ihò ẹsẹ̀ pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù, tó ra rímù, tó sì wá fi díísìkì sí i lẹ́yìn náà, ti wọn ọkọ̀ mìíràn ni. Bíréèkì kọ́kọ́, ìgbésọ̀kalẹ̀ ọkọ̀ tẹ̀ lé e, ìwọ̀n tẹ̀ lé ìyẹn, rímù àti táyà ló kẹ́yìn.

Nígbà tí ẹsẹ̀ tuntun bá wọlé, ojú họ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ mọ́, láìsí ìpẹtà. A óò fún nọ́ọ̀tì bí ẹni ń ya ìràwọ̀, láti ọ̀kan sí èyí tó dojú kọ ọ́, kì í ṣe yíká, a óò sì fi sípánà tó ń ka agbára fún un dé ìwọ̀n tí olùṣe rímù kọ. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rin kìlómítà 80 sí 160, a óò tún un fún, nítorí rímù tuntun ń wá ìjókòó rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wheel alignment. Ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ọdún 1969, táyà àtijọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Rédíà ń fẹ́ kí orí ẹsẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sínú, kí ìdúró sípíńdù fi òkè fì sẹ́yìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ọkọ̀ lè máa lọ tààrà, kí iwájú táyà méjèèjì sì kọjú sí ara wọn díẹ̀.

Ìdánwò ìkẹyìn kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. A óò fi ẹfun kun ètè fẹ́ńdà, inú ihò, apá òkè, ẹ̀gbẹ́ sípíríǹgì àti irin abẹ́ ọkọ̀. Epo yóò kún táńkì, ènìyàn yóò jókòó sẹ́yìn, ẹrù díẹ̀ yóò wà nínú bùùtù. Awakọ̀ yóò wa ọkọ̀ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sínú ọgbà tí kò sí èrò, yóò yí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ dé òpin lápá méjèèjì, yóò fi ẹ̀yìn rìn pẹ̀lú ọwọ́ ìtọ́kọ̀ ní yíyí, yóò sì gun ẹ̀bá ọ̀nà kékeré pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kí ara ọkọ̀ lè fì. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tún yọ ẹsẹ̀, tí wọn yóò fi iná wo gbogbo ibi tí wọ́n kùn. Ibi tí ẹfun bá ti pa rẹ́ ni táyà ti kàn. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti tún iṣẹ́ ṣe, pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́, kí ọkọ̀ tó bọ́ sí títì. Bí ẹfun bá sì wà lódidi nínú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹsẹ̀ náà bá ọkọ̀ mu.